Láti Orí Alùpùpù Kékeré Bọ́ Sórí Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè tàbí ti ìṣèlú. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ń gun alùpùpù kékeré bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni, tí ó wá rọra kó owó jọ, tí ó sì fẹ́ gun ńlá. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ rọrùn láti sọ: ǹjẹ́ ẹni tí ó mọ kékeré gùn ti mọ ńlá gùn bí? Bí a bá bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Kétu, ní Ìkòsì tàbí ní Mile 12, wọn yóò ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ni ó tún kù? Máṣíìnì ni máṣíìnì ń jẹ́. Ìdáhùn yìí ni ó yẹ kí a tú wò fínnífínní, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni ó so mọ́ ọn.

Òfin ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan Kòsọ́fẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2012, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ìrìnnà tí ó lé àwọn ọlọ́kadà kúrò ní òpópónà 475. Nínú ètò tí ó bá òfin náà rìn, a dá àwọn tí ń fi alùpùpù kó lẹ́tà àti ẹrù kiri sí, bí ẹ̀rọ tí ó wà lára alùpùpù wọn bá ti tó 200cc. Nígbà tí ìjọba tún mú ọ̀rọ̀ náà le ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2020, Kòsọ́fẹ́ kò sí lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí a dárúkọ. Kò sì tún sí lára wọn nígbà tí ìfòfindè pátápátá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ yí padà kíákíá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, ìfòfindè náà dé Kòsọ́fẹ́, òun pẹ̀lú Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Múṣín, a sì ka Ìkòsì-Ìṣẹrì àti Àgbóyì-Kétu mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí a di 200 yẹn mú ná. Iye tí a ń pè ní cc ni ìwọ̀n àyè tí ó wà nínú ẹ̀rọ, níbi tí epo bẹntiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé tí wọ́n sì ń jóná. Alùpùpù bíi Bajaj Boxer kékeré, tí ó gba ojú títì Èkó kan láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kò ju bí 100cc lọ: àyè inú rẹ̀ kò tó agolo wàrà kékeré. Harley-Davidson àwọn ará Amẹ́ríkà, oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní Heritage, ní ẹ̀rọ 1,868cc: ó fi díẹ̀ ju ìgò bíà ńlá mẹ́ta lọ. Láàárín agolo wàrà àti ìgò bíà mẹ́ta ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Òfin fa ìlà kan sí 200. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni òfin wọ̀n, kò wọn ẹni tí ó jókòó lé e lórí. Ohun tí ó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ńlá, tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìdí láti tún ènìyàn kọ́, di ìwé ìyọ̀ǹda tí a fi ń kọjá.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó fojú kéré alùpùpù kékeré. Òun ni ó gbé ayé àwọn tálákà ró. Ní 1958 ni Honda gbé Super Cub jáde ní Japan. Ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́ 50cc péré, a sì ṣe é lọ́nà tí ọmọ tí ń gbé oúnjẹ kiri lè fi ọwọ́ kan gùn ún kí ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àwo oúnjẹ. Nígbà tí yóò fi di 2017, iye tí wọ́n ti ṣe ti ju ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù lọ. Àwọn olùkọ́ àgbà nínú àwọn tí ń wò wá kò ní gbàgbé Vespa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní gbàgbé owó Údójì ní 1975, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́ ṣàdédé di ẹni tí ń gun Honda. Ní 1979 ni a dá ilé iṣẹ́ Honda sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Ní 1983 ni Okada Air bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn ènìyàn sì fi àwàdà gbé orúkọ ọkọ̀ òfuurufú náà wọ alùpùpù tí ń gbé èrò, orúkọ tí ó ti pẹ́ ju ọkọ̀ òfuurufú náà fúnra rẹ̀ lọ nísinsìnyí.

Ẹni tí ó bá wá fẹ́ kúrò lórí kékeré, ó ní ìdí. Òmíràn fẹ́ máa gbé ẹrù fún àwọn oníṣòwò láì sá fún ọlọ́pàá. Òmíràn ń ti Ìkòròdú wá sí Kétu lójoojúmọ́, kékeré sì ti gbọ̀n ọ́n títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ó kàn fẹ́ gùn ún ni: ó ti rí àwọn ẹgbẹ́ tí ń gun páwà báìkì kọjá lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ìró ẹ̀rọ wọn ń dún bí àrá tí ó jìnnà, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Èyí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ènìyàn kì í ṣiṣẹ́ nítorí ọ̀fun nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán irú ẹni bẹ́ẹ̀, láì bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ilé rẹ̀ wà ní Ìkòsì. Ọdún mẹ́jọ ni ó ti fi gun Boxer, kò sì ṣubú rí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó wá rí alùpùpù tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní cruiser: ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ fẹ̀, ara rẹ̀ gùn, ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ sì wà níwájú dípò abẹ́ ẹni tí ń gùn ún. Mẹkáníìkì tí ó bá a yẹ̀ ẹ́ wò ní, "Àbúrò, ṣé o ti gun irú èyí rí?" Òun náà dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gun máṣíìnì o." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ó sanwó, ó gùn ún lọ.

Ẹ wo ohun tí ọdún mẹ́jọ náà ti kọ́ ọ. Ó ti kọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti máa yí iná dé òpin, nítorí pé ẹ̀rọ kékeré kò ní agbára ju ti ẹṣin mẹ́jọ lọ, ó sì fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ kí ó tó lè gun òkè afárá. Bí ọwọ́ kan náà bá yí iná ẹ̀rọ tí ó ní agbára ẹṣin márùndínláàádọ́ta bẹ́ẹ̀, alùpùpù yóò ti fò síwájú kí ojú tó rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Ó ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti máa ṣe bí òpó: bí máṣíìnì bá fẹ́ wó, yóò fi ẹsẹ̀ kan gbà á dúró. Ẹsẹ̀ kan lè gba ohun tí ó wúwo tó ọgọ́rùn-ún kìlógíráàmù dúró, ṣùgbọ́n Honda Rebel 500, tí a ka sí ti ọlọ́mọ́-ṣẹ̀ṣẹ̀-bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ńlá, tó bí 190 kìlógíráàmù, Heritage tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì ju 300 lọ. Bí èyí bá ti tẹ̀ kọjá ibì kan, ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ti fi egungun rẹ̀ tọrẹ.

Ó tún ti kọ́ ìdí rẹ̀ láti máa dìde díẹ̀ lórí ìjókòó nígbà tí kòtò tàbí gálọ́ọ̀pù bá dé. Lórí cruiser, ẹsẹ̀ wà níwájú, kò sí ohun tí yóò fi tẹ ilẹ̀ dìde. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ gálọ́ọ̀pù àdúgbò tí àwọn onílé ń mọ fúnra wọn láàárín Ìkòsì àti Kétu yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Èyí tí ó burú jù ni bíréèkì. Ọlọ́kadà kì í fọkàn tán bíréèkì iwájú. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń dúró, nítorí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé iwájú ni ó ń dá ènìyàn ṣubú. Ní tòótọ́, iwájú ni ó ń dá ènìyàn dúró. Bí a bá tẹ bíréèkì, ìwúwo gbogbo máa ń rọ́ lọ sórí táyà iwájú, ti ẹ̀yìn á fúyẹ́, bí a bá sì tún tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ gidigidi, yóò kàn há, yóò sì máa yọ̀ lọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n a máa fún iwájú díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìka méjì títí yóò fi le, nígbà tí alùpùpù bá wà ní òró tí ọwọ́ rẹ̀ sì nàró gangan. Nígbà tí a bá sì ń yí kọ́nà jẹ́jẹ́, tí ọwọ́ ti yà, a kì í fọwọ́ kàn án rárá, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń gbé ènìyàn lulẹ̀ lóòótọ́. Ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ni ó ń kọ́ni.

Àwọn tí ó bá rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ yìí, kí wọ́n wo iṣẹ́ ìwádìí tí Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Gúúsù Kalifọ́níà gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1981. Wọ́n lọ sí ibi ìjàǹbá alùpùpù 900 ní agbègbè Los Angeles, wọ́n wọn ojú ọ̀nà, wọ́n yẹ ẹ̀rọ wò, wọ́n sì bi àwọn ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n rí ní èyí tí ó yẹ kí a kọ sára ògiri gbogbo ilé ìtajà alùpùpù. Bí a bá kó gbogbo àwọn tí ó ní ìjàǹbá pọ̀, ìrírí wọn lórí títì sún mọ́ ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ju ìdajì wọn lọ ni kò tíì lo oṣù márùn-ún lórí alùpùpù náà gan-an tí ìjàǹbá ti bá wọn. Ìyẹn ni pé wọn kì í ṣe ẹni tí kò mọ alùpùpù gùn. Èyí tí wọ́n gùn lọ́jọ́ náà ni wọn kò tíì mọ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, méjìléláàádọ́rùn-ún ni kò gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ kankan: wọ́n kọ́ ara wọn ni, tàbí ọ̀rẹ́ àti ẹbí ni ó kọ́ wọn. Àkókò tí ó wà láàárín ìgbà tí ewu yọjú àti ìgbà tí ó dé kò tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Nínú àkókò tín-ńtín yẹn, púpọ̀ wọn tẹ bíréèkì ẹ̀yìn títí táyà fi há, wọn kò sì lo ti iwájú tó. Ẹ má sì rò pé eré àsápajúdé ni gbogbo wọn ń sá. Eré tí ó wà láàárín gbùngbùn iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò ju kìlómítà 48 ní wákàtí kan lọ. Eré Ìkòròdú Road nìyẹn, kì í ṣe ti pápá ìdíje. Wọ́n tún rí i pé àwọn alùpùpù ńlá kì í sábà wà nínú ìjàǹbá tó bí iye wọn ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n nígbà tí ìjàǹbá bá bá wọn, ìpalára rẹ̀ a máa wúwo jù.

Ìdí rẹ̀ kò pa mọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì. Bí ìwúwo bá di ìlọ́po méjì, ipá tí bíréèkì yóò pa di ìlọ́po méjì. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tí ń lo mítà mẹ́wàá láti dúró ní eré kan yóò lo ogójì bí ó bá sá ìlọ́po eré náà. Láàárín dáńfó tí ó já wọlé lójijì ní Ọjọ́ta àti ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ogójì mítà kì í sí.

Báwo wá ni àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di 1983, ẹni tí ń kọ́ alùpùpù lè gun èyí tí ó tó 250cc. Ní ọdún náà, wọ́n dín in kù sí 125cc. Láti 2013, àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣe é: ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lè gba àṣẹ fún 125cc, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún fún èyí tí agbára rẹ̀ kò kọjá 35 kìlówáàtì, lẹ́yìn náà ni ńlá pátápátá, nígbà tí ó bá pé ọdún mẹ́rìnlélógún, tàbí mọ́kànlélógún bí ó bá ti lo ọdún méjì lórí àtẹ̀gùn àárín. Ó ń ṣe ìdánwò kí ó tó gun àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń gbé ní Peckham, bí bàbá rẹ̀ tilẹ̀ gun Suzuki ní Abẹ́òkúta fún ogún ọdún, àtẹ̀gùn yẹn ni yóò gùn. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìwé àṣẹ oníkíláàsì A ni ti alùpùpù. Ẹni tí ó gbà á fún agolo wàrà ti gbà á fún ìgò bíà mẹ́ta.

Kò sì yẹ kí a sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan rí. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, Wọlé Ṣóyínká sì ni ó ṣíwájú rẹ̀; ti ìjọba àpapọ̀ dé ní 1988. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2009, wọ́n fi dandan lé akoto fún ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀. Ìlú kò gbàgbé ohun tí ó tẹ̀lé e: àwọn kan gé igbá, wọ́n fi okùn dè é mọ́ àgbọ̀n, àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà lórí. Ẹ̀rín pa gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ẹ̀rín náà fún àwọn tí ń ṣòfin: ohun tí a bá fi dandan lé láì kọ́ ènìyàn ní ìdí rẹ̀, igbá ni wọn yóò fi dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ 200cc yìí lè rí.

Àti pé Kòsọ́fẹ́ kì í ṣe Los Angeles. Ọjà Mile 12 nìkan tó láti dán ẹni tí ó gbọ́n wò. Tòmátò tí ó ti rà, omi ata àti èèpo ẹ̀fọ́ a máa da ilẹ̀ pọ̀, òjò á rọ̀ lé e, ibẹ̀ á wá máa yọ̀ bí ẹni fi ọṣẹ pa á. Alùpùpù kékeré tí ó bá yọ̀ níbẹ̀, ẹni tí ń gùn ún a fa á dìde kí ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fèrè. Èyí tí ó wúwo ju 300 kìlógíráàmù yóò dùbúlẹ̀ títí àwọn alábàárù yóò fi wá bá a gbé e. Omi Odò Ògùn náà wà níbẹ̀: ní oṣù kẹwàá 2010 ó kún débi pé ó lé àwọn ènìyàn kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ tí ó wà lọ́nà Ìkòròdú, àwọn ará Agílítí àti Òwòdé sì mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà òjò. Ẹ̀rọ tí ìdí rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò bá omi ṣọ̀rẹ́.

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tún ń bẹ. Ẹ̀rọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń tù kò rí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá dúró. Láàárín Ketu àti Ọjọ́ta ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ooru rẹ̀ yóò máa jó itan ẹni tí ó gùn ún, òun náà yóò sì máa wo ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta 2008 ni ojú ọ̀nà náà ti wà láti Mile 12 dé CMS, láti 2015 ni ó sì ti na ọwọ́ dé Ìkòròdú. Ìdẹwò ńlá ni. Bọ́ọ̀sì tí ń bọ̀ níbẹ̀ kò retí pé òun yóò bá ẹlòmíràn.

Nípa owó, kò sí ohun púpọ̀ láti sọ tí ẹni tí ó fẹ́ rà kò mọ̀: epo rẹ̀ pọ̀, táyà rẹ̀ wọ́n, ohun èlò rẹ̀ kì í sì í wà lọ́rùn ìgbálẹ̀ ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù bíi ti Boxer.

Ohun tí àwọn tí yóò jíròrò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí lè mú lò kò pọ̀, kò sì gba owó ìjọba. Bí pápá ilé ẹ̀kọ́ bá ṣófo ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó tó. Kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ńlá kọ́kọ́ gbé e dìde láti ilẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn ló fi ń tì í, ẹsẹ̀ ló fi ń gbà á, kì í ṣe apá. Kí ó fi jíà kìíní rìn jẹ́jẹ́ yí àwọn agolo tí a tò sílẹ̀ ká, kí ó máa wo ibi tí ó ń lọ, kí ó má wo táyà iwájú. Kí ó sáré díẹ̀, kí ó dúró, kí ó tún sáré, kí ó tún dúró, títí ìka rẹ̀ yóò fi gba bíréèkì iwájú gbọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá kọ́ ohun tí ó ń ya àwọn ọlọ́kadà lẹ́nu nígbà tí a bá sọ ọ́ fún wọn, tí ọwọ́ wọn sì ti ń ṣe díẹ̀díẹ̀ láì mọ̀: pé tí eré bá ti pọ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ yà sí ọ̀tún ni ó ń ti ọwọ́ ọ̀tún alùpùpù síwájú. Kékeré fúyẹ́, bí a bá fi ara tẹ̀ ẹ́ ó ti yà. Ńlá kò mọ ìyẹn. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ, dáńfó yóò dúró níwájú rẹ̀, yóò sì máa wò ó títí yóò fi wọ inú rẹ̀.

Ó ku ẹnì kan tí a kò tíì dárúkọ. Ẹni tí ó fi kékeré gbé ìyàwó lọ sí ọjà, tí ó fi gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé, àwọn náà ni yóò kọ́kọ́ fi ńlá gbé, kí wọ́n lè bá a yọ̀. Ẹrù ẹ̀yìn yẹn a máa yí gbogbo ohun tí a ti sọ nípa bíréèkì, ìwúwo àti kọ́nà padà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lórí púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù wọ̀nyí, ìjókòó ẹ̀yìn ṣeé tú kúrò láì ba ohunkóhun jẹ́. Mẹkáníìkì lè tú u lọ́jọ́ tí ó bá san owó, kí ó sì dì í sínú àpò fún un. Kí ó gbé e lọ sílé, kí ó tì í sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ó sì ka oṣù márùn-ún.